Kí Elégédé Má Jẹrà Mọ́ Wa Lọ́wọ́: Bí A Ṣe Ń Fi Í Ṣe Kéèkì Láìsí Ààrò

Bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní Ìjàgbó àti ní Ọ̀fà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, elégédé a máa pọ̀. Àwọn tó gbìn ín sáàárín àgbàdo tàbí sí ẹ̀gbẹ́ ebè iṣu yóò rí i pé bí ewé ṣe ń gbẹ ni elégédé ń hàn síta. Èyí tí a bá lè sè, a ó sè é. Èyí tí a bá lè tà, a ó gbé e lọ sí ọjà Owódé. Èyí tó ṣẹ́kù ńkọ́? Ẹ̀yìnkùlé ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń jẹrà sí, tí a ó sì tún máa yọ owó lápò láti ra bisikíìtì fún àwọn ọmọ.

Ní àkókò kan náà yìí, láti oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kọkànlá, ìgbà ìwọ́wé ni lọ́dọ̀ àwọn èèyàn wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Manchester àti ní Amẹ́ríkà. Elégédé kún ojú ọjà lọ́dọ̀ tiwọn náà. Àwọn kan ń gbẹ́ ojú àti ẹnu sí i lára fún Halloween ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, àwọn ará Amẹ́ríkà sì ń fi í ṣe páì fún Thanksgiving, tí í máa bọ́ sí Ọjọ́bọ̀ kẹrin nínú oṣù Kọkànlá. Kò sí dandan kí Mùsùlùmí bá wọn ṣe ayẹyẹ wọn kó tó jẹ elégédé. Oúnjẹ ni, ó sì máa ń rọjú ní àkókò yẹn.

Nítorí náà, ẹni tó wà ní Ìjàgbó àti ẹni tó wà lókè òkun, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ní: kí ni a lè fi elégédé ṣe tó máa dùn, tí kò ní ná wa lówó púpọ̀, tí kò sì ní lára jù? Ìdáhùn wa ni kéèkì elégédé tí a lè yan nínú ìkòkò lórí iná èédú. Àṣírí tó wà nídìí rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: omi ló pọ̀ jù nínú elégédé. Nínú gíráàmù 100 elégédé tútù, ó lé ní gíráàmù 90 tó jẹ́ omi. Ẹni tí kò bá mọ bí a ṣe ń ṣe omi yìí, kéèkì rẹ̀ yóò rí bíi mọ́ínmọ́ín tí kò jinná. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ti mọ gbogbo rẹ̀.

Níbo ni elégédé ti wá?

Elégédé kò dá wà. Ẹ̀gúsí, bàrà, kùkúńbà, igbá àti kèrègbè, ẹbí kan náà ni gbogbo wọn. Àmọ́ ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ yàtọ̀ síra. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni elégédé ti wá. Àwọn awalẹ̀pìtàn rí kóró rẹ̀ nínú ihò àpáta kan ní ìpínlẹ̀ Oaxaca, ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò, ọjọ́ orí kóró náà sì tó nǹkan bí ọdún 10,000. Lẹ́yìn 1492, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbẹ̀ tí wọ́n ń bọ̀, ni elégédé tó tàn ká ayé, bí àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ẹ̀pà àti ata náà ṣe tàn.

Ìdí tí a fi sọ èyí ni ọ̀rọ̀ kan tó máa ń jáde láàrin àwa Mùsùlùmí. Ó wà nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá pé télọ̀ kan pe Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) wá jẹun. Anas ọmọ Mālik, tó bá a lọ, rí i pé ohun tí wọ́n ń pè ní dubbāʾ ló ń wá kiri nínú àwo ọbẹ̀ náà. Láti ọjọ́ yẹn ni Anas fúnra rẹ̀ ti fẹ́ràn rẹ̀. Bákan náà, Sūrah As-Sāffāt, ẹsẹ 146, sọ nípa irúgbìn yaqtīn tí Ọlọ́hun mú kó hù bo Ànábì Yūnus lẹ́yìn ìgbà tó jáde nínú ẹja. Àwọn kan máa ń túmọ̀ méjèèjì sí elégédé.

Àmọ́ elégédé tiwa yìí kò tíì kọjá òkun nígbà ayé Ànábì. Ìbátan igbá àti kèrègbè ni ohun tí wọ́n ń jẹ nígbà náà, irú èyí tí a máa ń ká nígbà tí èèpo rẹ̀ ṣì rọ̀. Nítorí náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ súnnà ta kéèkì elégédé fún wa. Ìbátan dubbāʾ ni elégédé, oúnjẹ tó dára ni, ó sì jẹ́ halāl. Ìyẹn náà tó o. Ohun tó kàn wá tààrà ni ìnákúnàá tí Ọlọ́hun kọ̀ fún wa nínú jíjẹ àti mímu, nínú Sūrah Al-Aʿrāf, ẹsẹ 31. Oúnjẹ tó ń jẹrà lẹ́yìnkùlé nígbà tí ọmọ ń bèèrè nǹkan tí yóò jẹ, ó yẹ kí á ronú sí i.

Bí a ṣe ń yan èyí tó dára

Elégédé tó ti gbó ni ẹ wá. Ẹ fi èékánná tẹ èèpo rẹ̀: bí èékánná bá wọlé wẹ́rẹ́, kò tíì gbó. Ọrùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti gbẹ, kó sì le bí igi. Ẹ fi ìka kàn án, yóò dún bíi pé inú rẹ̀ ṣófo. Kó má ṣe ní ojú ibi tó ti rọ̀ tàbí tó ti ń ṣomi. Bí ẹ bá là á, bí ara rẹ̀ bá ṣe pọ́n tó ló ṣe dára tó. Ohun tó mú un pọ́n bẹ́ẹ̀ ni beta-carotene, tí ara wa ń sọ di fítámì A tó wúlò fún ojú, pàápàá ojú àwọn ọmọdé. Òróró díẹ̀ nínú oúnjẹ ló ń ran ara lọ́wọ́ láti gbà á, nítorí náà òróró inú kéèkì yìí kì í ṣe fún adùn nìkan.

Ẹ jọ̀wọ́, ohun kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ fo. Kí ẹ tó gbé e kaná, ẹ gé bíńtín lára elégédé náà, ẹ fi ahọ́n tọ́ ọ wò ní tútù. Elégédé tó ṣe é jẹ kì í korò. Bí ó bá korò, ẹ tutọ́ rẹ̀ dànù, ẹ sọ gbogbo elégédé náà nù. Májèlé tí wọ́n ń pè ní cucurbitacin ló ń mú un korò, sísè kò sì lè mú un kúrò. Ó lè ṣẹlẹ̀ nígbà tí kóró tí a gbìn bá ti gba àdàlù lára irú rẹ̀ tó jẹ́ ti inú igbó tàbí ti ọ̀ṣọ́. Ní 2015, bàbá àgbàlagbà kan kú ní Jámánì lẹ́yìn tó jẹ zucchini kíkorò tí wọ́n gbìn sínú ọgbà. Ìbátan tímọ́tímọ́ ni zucchini àti elégédé. Ẹ̀yin tó wà lókè òkun, àwọn elégédé wínníwínní aláràbarà tí wọ́n ń tà fún ọ̀ṣọ́, ẹ má ṣe gbé wọn kaná. Èyí tí wọ́n bá sì ti gbẹ́ lójú, tó ti wà níta fún ọjọ́ mélòó kan, kì í ṣe oúnjẹ mọ́.

Bí a ṣe ń lé omi jáde

Elégédé tó wọn kílò kan yóò tó fún kéèkì kan, yóò sì ṣẹ́kù. Ẹ là á sí méjì, ẹ fi ṣíbí ha kóró àti jáwọjàwọ inú rẹ̀ jáde. Ẹ gé e sí ègé ńláńlá, ẹ má ì tíì bó èèpo rẹ̀.

Ẹ má ṣe rì í sínú omi kí ẹ máa bọ̀ ọ́ bí ẹni bọ iṣu, torí pé ńṣe ni yóò tún mu omi kún èyí tó ti ní. Ẹ bu omi díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, ẹ fi igi tàbí páànù kékeré gbé elégédé náà sókè kúrò nínú omi, kó jẹ́ pé ooru ni yóò sè é, bí a ṣe ń se mọ́ínmọ́ín. Láàrin ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, yóò ti rọ̀. Ẹ fi ṣíbí ha ara rẹ̀ kúrò lára èèpo, ẹ gún un tàbí kí ẹ fi fọ́ọ̀kì tẹ̀ ẹ́ kó kúnná.

Lẹ́yìn èyí, ẹ dà á sínú aṣọ funfun tó mọ́, irú èyí tí a fi ń sẹ́ ògì, ẹ so ó kọ́ fún wákàtí kan. Omi tí yóò jáde yóò yà yín lẹ́nu. Ẹ má ṣe dà á nù, ó dára nínú ọbẹ̀. Lákòótán, ẹ da èyí tó kù nínú aṣọ sínú ìkòkò gbígbẹ lórí iná kékeré, ẹ máa rò ó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ẹ bá fi ṣíbí la ojú ọ̀nà sáàárín rẹ̀, tí ojú ọ̀nà náà kò sì tètè pa dé, ó ti ṣe tán. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kó má baà se ẹyin.

Ẹ̀yin tó ń ra ti inú agolo lókè òkun, wọ́n ti bá yín lé omi díẹ̀ jáde. Ìlú Morton ní ìpínlẹ̀ Illinois, ní Amẹ́ríkà, tó ń pe ara rẹ̀ ní olú ìlú elégédé lágbàáyé, ni ilé iṣẹ́ Libby's ti ń rọ tirẹ̀ sínú agolo. Ẹ kàn wo ara agolo náà dáadáa. Èyí tí wọ́n kọ pumpkin purée sí lára, elégédé lásán ni. Èyí tí wọ́n kọ pumpkin pie filling sí lára ti ní ṣúgà àti èròjà nínú, yóò sì ba ìṣirò yín jẹ́.

Ohun tí a nílò

Ife tí a ń sọ níbí ni èyí tó gba mílílítà 250. Ẹni tí kò bá ní irú rẹ̀ lè lo ife kan ṣoṣo fún gbogbo rẹ̀, kó má kàn pààrọ̀ rẹ̀ láàrin iṣẹ́.

Fùláwà, ife méjì
Elégédé tí a ti lé omi rẹ̀ jáde, ife kan
Ṣúgà, ìdá mẹ́ta nínú ìdá mẹ́rin ife
Òróró, ìdajì ife
Ẹyin ńlá méjì, tàbí kékeré mẹ́ta
Baking powder, ṣíbí tíì méjì
Iyọ̀, ìdajì ṣíbí tíì
Atalẹ̀ gbígbẹ tí a lọ̀, ṣíbí tíì kan
Kànáfùrù tí a lọ̀, bíńtín
Èèpo ọsàn tí a rin, ìwọ̀nba
Mílíìkì olómi, ṣíbí ìjẹun mẹ́ta, tí a kò ní lò àfi bí àpòpọ̀ náà bá le jù

A mọ̀ọ́mọ̀ fi atalẹ̀ àti èèpo ọsàn sí ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi fànílà sí. Ní Amẹ́ríkà, òfin sọ pé ohun tí a bá pè ní vanilla extract gbọ́dọ̀ ní ọtí líle tó, ó kéré tán, ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá fẹ́ fànílà lè wá èyí tó jẹ́ ìyẹ̀fun, tàbí èyí tí wọ́n kọ sí i lára pé kò ní ọtí. Àmọ́ elégédé àti atalẹ̀ bára mu gan-an, a kò sì ní mọ̀ pé fànílà kò sí níbẹ̀.

Bí a ṣe ń pò ó

Ẹ kọ́kọ́ gbé ìkòkò tí a ó fi yan án kaná, kó máa gbóná. A ó ṣàlàyé rẹ̀ láìpẹ́. Ẹ fi òróró pa inú páànù kéèkì, ẹ wọ́n fùláwà díẹ̀ sí i kó má baà lẹ̀.

Ẹ fi asẹ́ sẹ́ fùláwà, baking powder, iyọ̀, atalẹ̀ àti kànáfùrù sínú abọ́ kan. Nínú abọ́ kejì, ẹ lu ẹyin pẹ̀lú ṣúgà títí yóò fi funfun díẹ̀, ẹ da òróró sí i, kí ẹ tó da elégédé àti èèpo ọsàn sí i. Ẹ wá da ti abọ́ àkọ́kọ́ sínú ti èkejì díẹ̀díẹ̀, ẹ fi ṣíbí pò ó. Bí ẹ kò bá ti rí fùláwà gbígbẹ mọ́, ẹ dúró. Pípò àpọ̀jù ló ń mú kéèkì le bíi búrẹ́dì àná. Bí ẹ bá gbé ṣíbí sókè, ó yẹ kí àpòpọ̀ náà máa já bọ́ wúruwùru, kó má ṣàn bíi ẹ̀kọ mímu. Bí ó bá ń ṣàn, a jẹ́ pé omi kò tíì jáde tán. Ẹ fi fùláwà ṣíbí ìjẹun kan tàbí méjì kún un.

Ìkòkò tó di ààrò

Ìkòkò tó nípọn tó sì ní ìdérí tó bò ó dáadáa ni ẹ lò. Ẹ da yanrìn tó mọ́ tó sì gbẹ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kó ga tó oríkèé ìka méjì. Ẹ gbé òkúta pẹlẹbẹ mẹ́ta lé e, orí wọn ni páànù yóò jókòó sí. Ẹ dé e, kí ẹ jẹ́ kó gbóná fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí kéèkì tó wọlé. Páànù náà kò gbọdọ̀ kan ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, nítorí pé ooru gbọ́dọ̀ ráyè yí i ká. Iṣẹ́ yanrìn ni láti gba ooru iná kó sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ìdí kéèkì má baà jó nígbà tí orí rẹ̀ ṣì tutù.

Ẹ gbé páànù wọlé, ẹ dé e, ẹ dín iná kù sí ìwọ̀nba. Bí ó bá jẹ́ èédú, ẹ kó ẹyín iná díẹ̀ sórí ìdérí kí orí kéèkì lè pọ́n. Ìta ni kí ẹ ti dáná èédú, ẹ má ṣe gbé e sínú yàrá tí a ti pa dé, nítorí pé èéfín rẹ̀ tí a kò lè rí ń pa èèyàn.

Fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ẹ má ṣe ṣí i wò. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Afẹ́fẹ́ tútù tó bá já wọlé ní àkókò yẹn lè mú kí àárín kéèkì rì. Láti bí ìṣẹ́jú 50, ẹ fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan tó mọ́ gún àárín rẹ̀: bí ó bá jáde láìní ohun tútù lára, ó ti jinná. Ẹni tó ní ààrò gáàsì tàbí ti iná mànàmáná yóò yan án ní ìwọ̀n 180°C fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 sí 55. Ẹ jẹ́ kó tutù fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹ tó dà á jáde, torí pé kéèkì elégédé gbígbóná máa ń tètè fọ́.

Bí kò bá sí ẹyin àti fùláwà

Àwọn ará Tọ́kì ní ọ̀nà mìíràn, tó tún rọrùn jù ti kéèkì lọ. Wọ́n ń pè é ní kabak tatlısı, ìgbà ìwọ́wé àti ìgbà òtútù ni wọ́n sì máa ń jẹ ẹ́ jù. Àwọn kò lé omi elégédé dànù, omi náà gan-an ni wọ́n fi ń sè é. Ẹ bó elégédé kílò kan, ẹ gé e sí ègé tó nípọn, ẹ wọ́n ṣúgà ife kan ààbọ̀ sórí rẹ̀ nínú ìkòkò, ẹ bò ó. Ṣúgà yóò fa omi jáde lára elégédé. Àwọn máa ń jẹ́ kó sun di ọjọ́ kejì. Nínú ooru tiwa, bí kò bá sí fíríìjì, wákàtí mẹ́ta ti tó, kó má baà kan. Ẹ fi kànáfùrù méjì sí i, ẹ sè é lórí iná kékeré láìbu omi sí i, títí yóò fi rọ̀ tí omi rẹ̀ yóò sì ki bí oyin. Wọ́n ń wọ́n walnut lé e lórí. Ẹ̀pà tàbí kajú sísun tí a gún yóò ṣe é fún wa.

Kò sí ohun tó yẹ kó ṣòfò

Ẹ fọ kóró rẹ̀, ẹ sá a, ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ yan án nínú páànù. Ìpápánu tó lọ́ràá tó sì ṣara lóore ni. Gbọ̀ọ̀rọ̀, ìyẹn ọ̀mùnú ewé elégédé, a ti mọ̀ ọ́n fún ọbẹ̀. Èyí tí a kò tíì là, tí ọrùn rẹ̀ ṣì wà lórí, lè pẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan níbi tó gbẹ tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀, àmọ́ èyí tí a bá ti là kò ṣe é fi sílẹ̀. Ẹ sè é lọ́jọ́ náà.

Tí elégédé bá sì tán lọ́jà, a kì í ṣaláìní ní agbègbè yìí. Ọ̀fà tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ìjàkadì náà ni wọ́n mọ̀ mọ́ ànàmọ́. Ife ànàmọ́ bíbọ̀ kan tí a gún yóò dípò ife elégédé kan nínú kéèkì yìí. Omi inú rẹ̀ kò pọ̀ tó ti elégédé, nítorí náà kò sí pé à ń so ó kọ́, a ó sì nílò mílíìkì ṣíbí mẹ́ta yẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣòwò, kó kọ iye owó fùláwà, ṣúgà, ẹyin, òróró, èròjà àti èédú sílẹ̀, kó pín in sí iye ègé tí kéèkì náà fún un, kó tó dá iye lé e. Kó má gbàgbé láti ṣírò elégédé náà, kódà bó bá jẹ́ pé oko ara rẹ̀ ló ti ká a, torí pé òógùn ojú ló wù ú.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ha kóró, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n lu ẹyin, kí àwọn àgbà sì mójú tó iná. Ẹ ṣe Bismillāh sí i, ẹ bu tiwọn fún àwọn aládùúgbò, kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sínú èyí tó kù.